ARIWO FÁÀNÙ ỌKỌ̀ NÍGBÀ Ẹ̀Ẹ̀RÙN

ÌFÁÁRÀ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ mi, nítorí ọ̀rọ̀ ohùn àti ọ̀rọ̀ etí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, níbi tí a ti ń ka àròkọ lórí oríkì, ẹsẹ̀ Ifá àti gírámà èdè, ọ̀rọ̀ fáànù ọkọ̀ ni èmi gbé wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi dé òpin rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà kan ọkọ̀, ó kan àpò owó, ó kan ara ènìyàn, ó sì kan èdè tí à ń kọ́.

Mo ní àbúrò ìyá mi kan tí ó ń fi ọkọ̀ kékeré kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Bọ̀dá ni mo ń pè é. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí ó kọjá, fáànù tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Bí ọkọ̀ bá ti dúró díẹ̀ ní ibùdókọ̀, ariwo náà yóò gba gbogbo inú ọkọ̀ kan. Àwọn èrò a máa ráhùn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Bọ̀dá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, àwọn tí a ń pè ní rẹ́wáyà. Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. N ó bá yín pa á lẹ́nu mọ́." Ó sì pa á lẹ́nu mọ́ lóòótọ́. Ó gé wáyà tí ń jẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó so ó mọ́ súìsì kékeré kan lábẹ́ sítíárìn, ó ní kí Bọ̀dá máa tan fáànù nígbà tí ó bá wù ú. Ọkọ̀ dákẹ́, èrò dákẹ́, inú Bọ̀dá dùn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹta, èmi náà wọ ọkọ̀ yìí lọ sí Èkó, mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ̀dá. A bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń ta ṣánṣán. Gbogbo wa ń tàkúrọ̀sọ, ọkọ̀ pa rọ́rọ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó rántí súìsì. Ìgbà tí a ó fi rí èéfín funfun tí ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, abẹ́rẹ́ tí ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn ti kọjá ààlà pupa. Bọ̀dá bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìkánjú, ó fi aṣọ ìnujú wé ọwọ́, ó sì ṣí ọmọrí rédíétọ̀. Omi gbígbóná ta sókè, ó jó o láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá, awọ ibẹ̀ sì bó. Ó lé ní oṣù kan kí apá náà tó san. Ẹ́ńjìnnì pàápàá kò yọ: gásíkẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀ jó, irin orí rẹ̀ sì tẹ̀. Ọkọ̀ tí ń bọ́ ènìyàn mẹ́fà wá ń jókòó ní ọgbà mẹkáníìkì fún ọ̀sẹ̀ méje.

Bàbá àgbàlagbà kan ni mẹkáníìkì tí ó tún ọkọ̀ náà ṣe. Nítorí pé Bọ̀dá wà ní ilé ìwòsàn, èmi ni mo lọ ṣe àlàyé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí bàbá bi mí ni pé, "Kí wọ́n tó pa fáànù yìí lẹ́nu mọ́, báwo ni ó ṣe ń ké?"

"Ariwo ni ó ń pa, sà."

Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí ni ò ń kọ́ ní Yunifásítì ná?"

"Èdè Yorùbá ni, bàbá."

"Ariwo nìkan náà ni Yorùbá tí wọ́n kọ́ ọ? Ṣé ó ń hó ni? Ṣé ó ń lọ̀ ni? Ṣé ó ń gbá nǹkan ni, àbí ó ń han?"

Ojú tì mí, nítorí n kò mọ èyí tí n bá mú níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ jókòó ti bàbá yìí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, àti èyí tí mo kà kún un, ni mo kó jọ síhìn-ín. Kókó rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: fáànù ọkọ̀ ń bá wa sọ̀rọ̀, kí á tó wá bí yóò ṣe dákẹ́, kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń sọ.

IṢẸ́ TÍ FÁÀNÙ Ń ṢE

Nínú agbára tí ń bẹ nínú epo bẹntiróòlù tí à ń rà sínú ọkọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ni ó ń di ìrìn. Gbogbo ìyókù ni ó ń di ooru. Apá kan ooru yìí ń bá èéfín gba ojú sàléńsà jáde, apá kan sì ń wọ inú irin ẹ́ńjìnnì. Bí a kò bá rí nǹkan gbé ooru èyí kúrò, irin yóò wú, òróró ẹ́ńjìnnì yóò ṣàn bí omi, ẹ́ńjìnnì yóò sì há. Omi ni ó ń gbé e kúrò. Pọ́ǹpù ń ti omi yí inú ẹ́ńjìnnì ká, omi a gba ooru, a sì gbé e lọ sínú rédíétọ̀ tí ó wà níwájú ọkọ̀. Rédíétọ̀ yìí jẹ́ àkójọpọ̀ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà láàrin wọn. Bí atẹ́gùn bá ń gba àárín wọn kọjá, omi inú wọn a tutù, a sì padà sínú ẹ́ńjìnnì.

Bí ọkọ̀ bá ń sáré ní ìwọ̀n 80 kìlómítà ní wákàtí kan, atẹ́gùn ojú ọ̀nà máa ń tó fún iṣẹ́ yìí, fáànù sì lè sinmi. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dúró, tàbí tí ó ń rá pálá, atẹ́gùn ojú ọ̀nà kò sí mọ́; fáànù ni yóò fa atẹ́gùn wá. Ohun tí àwọn baba wa ń fi abẹ̀bẹ̀ ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán gangan náà ni fáànù ń ṣe fún ọkọ̀: ó ń bá a bẹ ooru.

Oríṣìí fáànù méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí bẹ́líìtì ń yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́ ni òun náà ń yí. Ọ̀pọ̀ nínú irú èyí ni ó ní ìdè kan láàrin tí òróró sílíkóònù wà nínú rẹ̀. Bí atẹ́gùn tí ń ti ara rédíétọ̀ bọ̀ bá tutù, ìdè náà a dẹ̀, fáànù a sì máa yí jẹ́jẹ́. Bí atẹ́gùn náà bá gbóná, ìdè náà a mú ṣinṣin, fáànù a sì máa ké bí ọkọ̀ òfurufú. Irú èyí wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù àti jíìpù. Èkejì ni fáànù oníná, tí ẹ̀rọ kékeré kan ń fi iná bátìrì yí. Òun ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ kékeré òde òní. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, fáànù yìí kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí omi yóò fi gbóná tó nǹkan bí 95°C sí 105°C. Bí omi bá tutù díẹ̀, òun náà a dákẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á gbàgbé ọmọrí rédíétọ̀. Omi inú ìkòkò tí a kò dé ń hó ní 100°C. Ọmọrí rédíétọ̀ a máa há agbára mọ́ inú, kì í sì í jẹ́ kí omi hó títí ìgbóná rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí 120°C. Ìdí nìyí tí ṣíṣí ọmọrí yìí fi léwu nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Bí a bá ti ṣí i, ohun tí ń tẹ omi mọ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Omi tí ó ti kọjá 100°C yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú jáde. Ohun tí ó jó Bọ̀dá nìyẹn.

Àwọn òbí wa tí wọ́n gun Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, mọ̀ pé ọkọ̀ náà kò ní rédíétọ̀ omi rárá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ni fáànù rẹ̀ fi ń tù ú lára, bẹ́líìtì ni ó sì ń yí fáànù náà. Ohùn rẹ̀ a máa dé òpin àdúgbò, kò sì sí ẹni tí ń bẹ̀rù rẹ̀, nítorí ohùn tí a bí i mọ́ nìyẹn. Ohun tí àwọn awakọ̀ ń bẹ̀rù ni kí bẹ́líìtì já, kí iná pupa sì tàn níwájú wọn. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohùn tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohùn ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ yá ni yóò tètè mọ ìgbà tí ara rẹ̀ kò yá.

ÌDÍ TÍ ARIWO FI Ń PỌ̀ NÍGBÀ Ẹ̀Ẹ̀RÙN

Ooru kì í kúrò lára omi àfi bí atẹ́gùn tí ó kàn án bá tutù jù ú lọ. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá sì ṣe pọ̀ tó ni ooru yóò ṣe tètè kúrò tó. Ká ní omi inú rédíétọ̀ gbóná tó 95°C. Ní òwúrọ̀ ìgbà òjò tí atẹ́gùn jẹ́ 25°C, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 70. Ní ọ̀sán oṣù kẹta tí atẹ́gùn bá jẹ́ 35°C, ìyàtọ̀ kù sí 60. Nǹkan bí ìdá kan nínú méje agbára rédíétọ̀ ti lọ nìyẹn, láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́. Fáànù ni yóò dí àlàfo náà. Yóò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù, tàbí kí ó yára jù. Bẹ́ẹ̀ ni ìyára fáànù kì í ṣe ohun kékeré: bí ìyára rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò gbà yóò di ìlọ́po mẹ́jọ, ariwo rẹ̀ yóò sì ga sókè gidigidi.

Ẹ fi ti ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ kún un. Ooru tí ẹ̀rọ yìí ń kó kúrò lára wa kì í pòórá. Ó ní rédíétọ̀ kékeré tirẹ̀ níwájú rédíétọ̀ omi, ibẹ̀ ni ó ń tú ooru náà sí, atẹ́gùn tí ó ti gba ooru yìí ni ó sì ń lọ bá rédíétọ̀ omi. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí a bá ti tan ẹ̀rọ amúlétutù ni fáànù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ì báà jẹ́ pé omi kò tíì gbóná. Lẹ́yìn èyí, eruku ọyẹ́, òkú kòkòrò àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà tí àwọn ènìyàn ń jù sójú títì a máa dí ojú rédíétọ̀, atẹ́gùn kò sì ní rí ọ̀nà gbà bí ó ti yẹ.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ariwo ni àìsàn. Kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kí ó má rùn ìgbẹ́. Fáànù tí ó ń hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní ọ̀sán oṣù kẹta, tí ó sì dákẹ́ nígbà tí ọ̀nà là, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Bàbá mẹkáníìkì a máa sọ pé fáànù ń hó kí omi má baà hó.

OHÙN MẸ́FÀ TÍ FÁÀNÙ Ń FỌ̀

(1) Híhó. Èyí ni ìró atẹ́gùn, hùùù, bí ìjì tí ń bọ̀ lókèèrè. Bí ó bá ń ga tí ó sì ń rọlẹ̀, kò sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń hó láti òwúrọ̀ kùtùkùtù títí di alẹ́, nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Kí á wo omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, bóyá ó ti dín. Kí á wo ojú rédíétọ̀, bóyá eruku ti dí i. Omi tí kò le ni kí á fi fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, nítorí omi alágbára a máa tẹ àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀. Bí fáànù náà bá jẹ́ oníbẹ́líìtì, ó lè jẹ́ pé ìdè àárín rẹ̀ ti há, kò sì lè dẹ̀ mọ́. Irú èyí a máa jẹ epo lásán.

(2) Lílọ̀. Fáànù ń lọ̀ rùmùrùmù, bí ọlọ tí iyanrìn bọ́ sí. Bíárìn ni ó ti jẹ. Kí á pa ẹ́ńjìnnì, kí á jẹ́ kí ó tutù, kí á tú orí bátìrì kan, kí á wá di apá fáànù mú kí á mì ín. Bí ó bá ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, tàbí tí ó ń ha nígbà tí a bá fi ọwọ́ yí i, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Àwọn kan a máa ta òróró sí i. Ó lè dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n bíárìn tí ó ti jẹ kò ní padà di tuntun. Bí ó bá pẹ́, ẹ̀rọ ìdí fáànù yóò máa wúwo, yóò máa fa iná ju bí ó ti yẹ lọ, fíùsì yóò sì jó tàbí kí wáyà yọ́. Kí á pààrọ̀ ẹ̀rọ ìdí fáànù náà ni ó tọ́.

(3) Gbígbá. Ohùn rẹ̀ ni pà-pà-pà. Apá fáànù ń gbá ike tí ó yí i ká, tàbí ọ̀rá kan ti há sí i, tàbí nọ́ọ̀tì kan ti jábọ́. Nínú ọkọ̀ oníbẹ́líìtì, ó lè jẹ́ pé síítì tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ti rọ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì ti sún. Nǹkan tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni èyí máa ń jẹ́. Àmọ́ bí a bá fi í sílẹ̀, apá fáànù lè kán, kí ó sì gún rédíétọ̀.

(4) Híhan. Ó ń han fíìì, pàápàá nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ tàbí tí a bá tẹ iná mọ́ ọn. Bẹ́líìtì ni èyí. Ó ti dẹ̀, tàbí ó ti gbó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí pọ́ǹpù omi. Bí ó bá já, omi kò ní rìn mọ́, a ó sì rí èéfín láìpẹ́.

(5) Gbígbọ̀n. Fáànù ń yí, iwájú ọkọ̀ sì ń gbọ̀n rìrì. Ọ̀kan nínú apá rẹ̀ ti kán tàbí ti sán, kò sì dọ́gba mọ́. Kí á má ṣe fi gáàmù lẹ̀ ẹ́, kí á má sì gé apá òdìkejì rẹ̀ kúrò kí ó lè dọ́gba, nítorí atẹ́gùn tí ó ń fà yóò dín. Gbogbo apá fáànù náà ni kí á pààrọ̀.

(6) Dídákẹ́. Bí ọkọ̀ oníná bá dúró pẹ́ nínú oòrùn, tí a tan ẹ̀rọ amúlétutù, tí a kò gbúròó fáànù rárá, tí abẹ́rẹ́ ìgbóná sì ń gòkè, ọ̀ràn ti dé. Fíùsì lè ti jó, ríléè lè ti bàjẹ́, wáyà lè ti já, tàbí kí ẹ̀rọ ìdí fáànù ti kú. Nínú ohùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èyí ni ó burú jù, òun sì ni etí wa kì í tètè gbọ́, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ dùn mọ́ wa.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ Á ṢE

Àkọ́kọ́ ni ohun tí wọ́n ṣe fún Bọ̀dá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé fáànù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ariwo, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí á fi í sábẹ́ súìsì tí ènìyàn lè gbàgbé. Ohun kejì lòdì sí èyí pátápátá: àwọn kan a máa so fáànù ní "dáírẹ́ẹ̀tì", kí ó máa yí láti ìgbà tí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́ títí di ìgbà tí a ó fi pa ọkọ̀. Ó lè gba ni sílẹ̀ títí a ó fi délé, ṣùgbọ́n kò yẹ kí á sọ ọ́ di àṣà. Fáànù yóò tètè gbó, ariwo kò sì ní dá. Pabanbarì rẹ̀ ni pé ohun tí ó bàjẹ́ gan-an yóò wà níbẹ̀ tí a kò ní mọ̀.

Ìkẹta, bí fíùsì fáànù bá ń jó, kí á má ṣe fi wáyà lásán tàbí fíùsì tí ó tóbi jù rọ́pò rẹ̀. Fíùsì ni ó ń kú kí ọkọ̀ má baà jóná. Ìkẹrin, wọ́n a máa sọ pé nítorí pé ilẹ̀ olóoru ni a wà, kí á yọ tàmósítáàtì dànù. Tàmósítáàtì ni ilẹ̀kùn tí ń ṣí fún omi láti lọ sí rédíétọ̀ nígbà tí ó bá gbóná tó nǹkan bí 82°C sí 90°C. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó bí ó ti yẹ lójú ọ̀nà tí ó dán, yóò sì máa mu epo. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan ẹ̀wẹ̀, omi yóò máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú padà láìdé rédíétọ̀, ọkọ̀ yóò sì tún gbóná sí i. Bí ó bá ti bàjẹ́, òmíràn ni kí á rà.

Ìkarùn-ún ni omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ lásán nígbà gbogbo. A máa mú kí irin dípẹtà, a sì máa di ìpàǹpá sínú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rédíétọ̀. Kúláǹtì tí a pò bí olùṣe ọkọ̀ ti là á sílẹ̀ kì í ṣe fún ilẹ̀ òtútù nìkan: kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó.

Ìkẹfà, bí a bá ń ra fáànù tòkunbọ̀, kí á má ṣe mú èyí tí ohùn rẹ̀ kéré jù kí á sì máa lọ. Èyí tí agbára rẹ̀ kò tó a máa dákẹ́, kì í sì í fa atẹ́gùn tó. Bí rẹ́wáyà bá sì ṣi wáyà rẹ̀ so, yóò máa yí sẹ́yìn. Bí fáànù bá wà lẹ́yìn rédíétọ̀ bí ó ti wọ́pọ̀, kí á gbé ìwé pélébé kan sí iwájú rédíétọ̀ nígbà tí fáànù ń yí. Ó yẹ kí ìwé náà lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá ń ti ìwé náà sẹ́yìn, wọ́n ti so ó lódì.

BÍ ÌGBÓNÁ BÁ BÁ NI LÓJÚ Ọ̀NÀ

Bí a bá rí i pé abẹ́rẹ́ ń gòkè, kí á pa ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ọkọ̀ bá ní híítà tí ń fẹ́ ooru sí inú rẹ̀, kí á ṣí fèrèsé kí á sì tan híítà náà pátápátá. Yóò ni wá lára, ṣùgbọ́n ooru tí ó ń tú sí wa lára, ara ẹ́ńjìnnì ni ó ti ń kó o kúrò. Bí abẹ́rẹ́ kò bá sọ̀ kalẹ̀, kí á yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí kò léwu, kí á sì pa ọkọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ọmọrí rédíétọ̀. Kí á dúró, ó kéré tán, ìṣẹ́jú 30, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ara rédíétọ̀ yóò fi tutù sí ọwọ́. Kí á má da omi tútù sórí ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná, nítorí irin lè sán. Kí á má sì ki ọwọ́ bọ ìdí fáànù oníná nítorí pé a ti pa ẹ́ńjìnnì. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, fáànù lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí lẹ́yìn tí a ti yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù: kí á máa wo omi rédíétọ̀ láràárọ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò nílé ni ó dára jù.

ÌKÁDÌÍ

Nígbà tí ara Bọ̀dá yá, mo bi í léèrè bí bàbá ti bi mí. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ó ń lọ̀ ni. Bí ọlọ." Bíárìn ni ó ti jẹ nígbà náà lọ́hùn-ún. Kí á pààrọ̀ ẹ̀rọ ìdí fáànù, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Dípò rẹ̀, ó tún orí ẹ́ńjìnnì ṣe, ó jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méje, àpá sì wà ní ọwọ́ rẹ̀ títí di òní. Ó mọ ọ̀rọ̀ tí fáànù rẹ̀ ń sọ. Ẹnikẹ́ni kò sì bi í. "Ariwo" nìkan ni ó pè é fún rẹ́wáyà, rẹ́wáyà sì bá a wo ariwo sàn.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa tí a ń kọ́ èdè yìí. A mọ Èdè Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú apá kejì rẹ̀ ní 1990, a sì ń lò ó láti fi sọ̀rọ̀ nípa gírámà àti lítíréṣọ̀. Ní ọgbà mẹkáníìkì, àwọn tí kò jókòó ní ìgbìmọ̀ kankan ti ní èdè ìperí tiwọn, wọ́n sì ń fi í mọ àìsàn yàtọ̀ sí ara wọn: híhó, lílọ̀, gbígbá, híhan, gbígbọ̀n, dídákẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ ìdí ọlọ àti ọ̀rọ̀ inú ìjì ni wọ́n fi ṣe é, kò sì sí èyí tí kò yé ìyá oníṣu nínú wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń wá iṣẹ́ ìwádìí tí yóò ṣe, mo mọ àga tí ó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá kan.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí fáànù yín sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ má tètè ní kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ pa rédíò, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tẹ́tí sí i. Ọdẹ ń fọn fèrè fún ajá kí ó lè rí ọ̀nà padà ni. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ dá wa dúró lọ́nà. Àṣẹ.